Ẹ yan amọ̀nà kí ẹ tó yan ibùsùn: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń múra sàfárì ní gúúsù Áfíríkà

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ oríkì erin lẹ́nu àwọn oníjàálá kó tó di pé a fojú kan erin. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó rí ọ̀kan lójúkojú, ní etí odò Chobe ní Botswana. Amọ̀nà wa pa ẹ́ńjìnnì, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó ní ká wo etí ẹran náà: bó bá ń rọra fẹ́ ẹ síwá sẹ́yìn, ara tù ú, bó bá là á gbayawu, tó gbé orí sókè, tó sì kọjú sí wa, a jẹ́ pé ó ń sọ fún wa pé a ti sún mọ́ ọn jù. A jókòó síbẹ̀ tó ogójì ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́ kejì, amọ̀nà mìíràn ló wa ọkọ̀ wa. Ọ̀nà kan náà, agbo erin kan náà. Ó ní, "Erin nìyẹn," ó dúró ká ya fọ́tò, ó sì ṣáná sí ọkọ̀.

Owó kan náà ni mo san fún ọjọ́ méjèèjì. Látìgbà náà, ẹni tó bá bi mí léèrè nípa sàfárì, ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé amọ̀nà ló ń sanwó fún, kì í ṣe ibùsùn. Bí ẹ bá ní oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan níwájú, ẹ ó rí ẹni tó dáa mú. Bí oṣù méjì ló kù, ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ máa gbà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: oṣù wo, ibo?

Ẹ̀ẹ̀rùn tibẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn tiwa. Nígbà tí òjò ń rọ̀ kíkankíkan n'Íbàdàn ní oṣù kẹfà, ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀ ń gbẹ lọ́hùn-ún, òtútù sì ń mú. Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá, ní gbogbo apá ibi tí àwọn ọgbà ẹranko ńláńlá wà, òjò kì í sábà rọ̀. Ewé á wọ́, koríko á gbẹ, àwọn kòtò omi kéékèèké á gbẹ tán, gbogbo ẹran á wá rọ́ lọ sí etí odò àti ibi tí omi kù sí. Ìdí nìyẹn tí rírí wọn fi rọrùn. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, omi wà níbi gbogbo, ẹran á fọ́nká, koríko á ga bo kìnnìún mọ́lẹ̀. Ìgbà yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ ẹran ń bímọ, tí ẹyẹ ń pọ̀, tí owó lọ́ọ̀jì ń wálẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án ni kó fojú sí. Oṣù kẹwàá dára púpọ̀ fún rírí ẹran, àmọ́ oòrùn àfonífojì Zambezi nínú oṣù yẹn ò ṣàánú ẹnikẹ́ni.

Okavango, odò tó tàn ká ilẹ̀ ní Botswana, ò bá ìyókù rìn. Òjò tó ń kún un, orí òkè Angola ló ti ń rọ̀, omi náà á sì fi oṣù bíi mélòó kan rìn wálẹ̀. Nítorí náà, láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, tí ilẹ̀ gbogbo gbẹ táútáú, ni Okavango máa ń kún jù lọ. Kò ṣàn dé òkun kankan. Inú iyanrìn Kalahari ló ń parí sí. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa jókòó nínú mokoro, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹni tó ń wà á máa ń dúró fi ọ̀pá tì láàárín eèsún. Ní 2014, òun ni ibi ẹgbẹ̀rún kan (1000) tí UNESCO kọ sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Owó ibẹ̀ ń ta èèyàn lójú, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tó ń ti Èkó lọ, Kruger ní South Africa ló rọrùn jù. Ọkọ̀ òfurufú ń lọ tààrà sí Johannesburg, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ẹ ó sì tún wọ èyí tó kéré lọ sí Skukuza tàbí Nelspruit, tàbí kí ẹ gba ojú títì. Wọ́n ti sọ Kruger di ọgbà ìjọba láti 1926, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 19,500 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ìpínlẹ̀ Èkó á wọ inú rẹ̀ nígbà márùn-ún, àyè á ṣì ṣẹ́ kù. Ẹni tó fẹ́ràn láti jókòó síbì kan fún ìgbà pípẹ́ lè lọ sí Etosha ní Namibia, níbi tí ilẹ̀ iyọ̀ funfun kan tẹ́ lọ bí ẹni pé kò lópin. Níbẹ̀, ẹ ó jókòó sí etí omi ni, ẹran á sì wá bá yín. Ní àgọ́ Okaukuejo, iná ń tàn sórí omi náà lálẹ́, èèyàn lè jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn, South Luangwa ní Zambia ni, níbi tí Norman Carr ti bẹ̀rẹ̀ irú sàfárì ẹlẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí Mana Pools ní Zimbabwe. Ọ̀pọ̀ àgọ́ ní ibi méjèèjì yìí máa ń tì pa nígbà òjò.

Ìmọ̀ràn tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́: ẹ má ṣe orílẹ̀-èdè mẹ́ta ní ọjọ́ mẹ́wàá. Òru mẹ́ta ni kó kéré jù níbì kan, nítorí ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ò tíì mọ ohun tí ẹ̀ ń wò.

Ìgbésẹ̀ kejì: amọ̀nà

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọgbà ìjọba àti ilẹ̀ aládàáni. Nínú Kruger fúnra rẹ̀, ojú ọ̀nà ni ọkọ̀ gbọdọ̀ wà. Eré ò gbọdọ̀ ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan lọ lórí ọ̀dà, 40 lórí ilẹ̀ pupa, wọ́n sì ń ti géètì nírọ̀lẹ́. Bí ẹkùn bá sùn sẹ́yìn igi ní ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ sí títì, ẹ̀yìn igi lẹ máa wò. Àwọn ilẹ̀ aládàáni bíi Sabi Sand àti Timbavati wà ní ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, kò sí wáyà tàbí ògiri láàárín wọn àti Kruger, ẹran kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Níbẹ̀, ọkọ̀ lè kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n ń jáde lálẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ńlá, ẹni kan á sì jókòó sórí àga tí wọ́n kàn mọ́ iwájú ọkọ̀, tó ń wo ipasẹ̀ lórí ilẹ̀. Ẹni yẹn, atọpasẹ̀, ni àwọn ọdẹ ilé wa máa kọ́kọ́ kí. Mo ti rí ọ̀kan tó fi ìka kan etí ipasẹ̀ kìnnìún, tó ní ó ti kọjá kí ìrì tó sẹ̀, tó sì júwe ibi tó gbà. A bá a níbẹ̀.

Iye owó méjèèjì jìnnà síra. Ilé àgọ́ ìjọba nínú Kruger ò wọ́n rárá bí ẹ bá fi wé lọ́ọ̀jì aládàáni, níbi tí òru kan lè gba ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan lórí ẹnì kan, tàbí kó lé ní ẹgbẹ̀rún. Bí owó yín bá mọ níwọ̀n, ẹ ṣe é báyìí: òru mẹ́ta ní àgọ́ ìjọba, kí ẹ máa bá àwọn amọ̀nà ọgbà jáde láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fi òru méjì tàbí mẹ́ta kádìí rẹ̀ ní ilẹ̀ aládàáni. Ẹ má yí i padà o. Ẹni tó bá ti jẹ adùn tán kì í fẹ́ padà sídìí àkàrà lásán.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ bi wọ́n ní nǹkan wọ̀nyí. Ẹni mélòó ló ń wà nínú ọkọ̀ kan? Mẹ́fà dára; mẹ́wàá túmọ̀ sí pé ẹnì kan á máa wo ẹ̀yìn orí ẹlòmíràn. Ṣé amọ̀nà kan náà la ó bá lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin? Ṣé atọpasẹ̀ wà? Ìwé ẹ̀rí wo ni amọ̀nà náà ní? Ní South Africa, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìdánwò fún wọn tí orúkọ rẹ̀ tàn jù ni FGASA. Ti Zimbabwe ló lókìkí pé ó le jù: ọdún bíi mélòó kan ni ẹni náà á fi kọ́ṣẹ́, á mọ igi, á mọ ẹyẹ, á mọ ìbọn, kí wọ́n tó jẹ́ kó kó èèyàn rin igbó. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, tó kàn ń fi àwòrán adágún ìwẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Bí ọmọdé bá wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lọ́ọ̀jì ò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà sínú ọkọ̀ gbalasa, ọmọ tí kò bá sì tíì pé 12 kò lè bá wọn fẹsẹ̀ rìn nínú Kruger.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwé

Físà South Africa ni ẹni tó ní páásípọ̀ọ̀tù Nàìjíríà máa kọ́kọ́ jà fún, ọ́fíìsì VFS l'Ékòó tàbí l'Ábújá ni wọ́n ti ń gba ìwé. Ẹ fún un ní oṣù méjì sí mẹ́ta. Ohun tó ń kó èèyàn sí wàhálà jù ni iye ìgbà tí físà náà gbà yín láyè láti wọlé. Bí ẹ bá wọ Johannesburg, tí ẹ lọ wo Mosi-oa-Tunya (omi ńlá tó ń já láti òkè, tí wọ́n tún ń pè ní Victoria Falls) ní Zimbabwe tàbí erin ní Chobe, tí ẹ sì tún fẹ́ gba Johannesburg padà sílé, ìgbà méjì lẹ wọlé yẹn. Físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ò ní gbà yín. Ẹ béèrè fún èyí tó gba ìwọlé lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé yín. Àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ní òfin tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú òpó ìjọba wọn ni kí ẹ wò, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan sọ nínú WhatsApp.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Houston, ẹ má rò pé páásípọ̀ọ̀tù yín ti tán ohun gbogbo. Namibia, tí kì í béèrè físà lọ́wọ́ ará Bírítéènì àti Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2025. Gbogbo yín, ẹ wo inú páásípọ̀ọ̀tù: kó ní oṣù mẹ́fà tó kù lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa padà, kó sì ní ojú ewé òfìfo bíi mẹ́rin. Ẹni tó bá ń mú ọmọ lọ láìsí òbí kejì, kó mú ìwé ìbí ọmọ náà dání àti lẹ́tà àṣẹ tí òbí kejì búra sí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ara

Gbogbo ayé ló ń bẹ̀rù ẹfọ̀n, torí bó bá bínú, kì í dáni sí. Ẹ̀fọn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Àmì ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, kékeré yẹn ló sì ń pa jù.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ibà pọ́njú. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà wọ South Africa tàbí àwọn aládùúgbò rẹ̀, wọ́n máa béèrè káàdì yẹ́lò, ìwé ẹ̀rí pé ó ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, lọ́wọ́ rẹ̀, ohun yòówù kí àwọ̀ páásípọ̀ọ̀tù rẹ̀ jẹ́. Ọmọ wa tó ti London wá sílé kí àwọn òbí rẹ̀, tó wá ti Èkó wọ ọkọ̀ lọ sí Johannesburg, òun náà wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó dúró ju wákàtí 12 lọ ní pápákọ̀ òfurufú Addis Ababa tàbí Nairobi. Ní oṣù kẹta 2012, ọmọ Nàìjíríà 125 ni South Africa dá padà lórí ọ̀rọ̀ káàdì yìí. Nàìjíríà náà dá tiwọn padà, kí South Africa tó tọrọ àforíjì. Abẹ́rẹ́ ẹyọ kan ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni láti oṣù keje 2016, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á ni káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn Port Health ni kí ẹ ti gba káàdì náà. Èyí tí wọ́n ń tà nídìí géètì pápákọ̀ òfurufú, ẹ yà á fún wọn.

Lórí ibà ẹ̀fọn, mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: "Ṣé ibà lẹ fẹ́ fi dẹ́rù bà wá?" Ẹni tó ń gbé Ìjẹ̀bú ní ààbò díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí pé ibà ń ṣe é látìgbàdégbà. Ẹni tó ti lo ọdún díẹ̀ ní Manchester ti sọ ààbò yẹn nù, ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ò sì ní in rárá. Kí wọ́n lọ rí dókítà ní oṣù kan ó kéré tán ṣáájú. Oògùn ìdènà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Atovaquone-proguanil: ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, lójoojúmọ́, títí di ọjọ́ méje lẹ́yìn tí ẹ kúrò níbẹ̀. Doxycycline: ó bẹ̀rẹ̀ bákan náà, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìrìnàjò ló ń parí, ó sì ń mú kí oòrùn tètè jó awọ ara. Mefloquine: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú, ẹni tó ní wárápá tàbí tó ti ní àìsàn ọpọlọ rí ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Aboyún àti ẹni tó ní ọmọ ọwọ́ lè yẹra fún gbogbo wàhálà yìí, kí wọ́n lọ sí ibi tí ibà ò sí: Madikwe, Pilanesberg tàbí Addo, ní South Africa kan náà.

Ẹ gba ìwé adójútòfò tí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ kedere pé yóò fi ọkọ̀ òfurufú gbé yín lọ sílé ìwòsàn. Láti àgọ́ kan nínú Okavango, kò sí títì tí áńbúláǹsì máa gbà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: owó

Ráńdì ni South Africa ń ná, Namibia náà ń gbà á. Pula ni ti Botswana, kwacha ni ti Zambia. Ní Zimbabwe, dọ́là Amẹ́ríkà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ mú àwọn kéékèèké bíi dọ́là kan àti márùn-ún lọ nítorí ṣéńjì. Ẹ bi báńkì yín tẹ́lẹ̀ bóyá káàdì náírà yín máa ṣiṣẹ́ lókè òkun àti iye tó lè ná lóṣù. Owó ọwọ́ tó bá ju 10,000 dọ́là lọ, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún kọ́sítọ́ọ̀mù kí ẹ tó jáde ní Nàìjíríà. Ẹ ya owó ọpẹ́ sọ́tọ̀ láti ilé, nínú àpòòwé: nǹkan bíi dọ́là mẹ́wàá lójúmọ́ lórí ẹnì kan fún amọ̀nà, bí ìdajì rẹ̀ fún atọpasẹ̀, àti díẹ̀ sínú àpótí àwọn tó ń dáná tí wọ́n sì ń tẹ́ ibùsùn. Ọjọ́ ìkẹyìn ni wọ́n ń fún wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹrù

Ibí yìí ni ìwà wa ti máa ń yọ. Ọkọ̀ òfurufú kéékèèké tó ń gbé èèyàn wọ Okavango máa ń fi ẹrù mọ sí 15 sí 20 kìlógíráàmù, báàgì ọwọ́ wà nínú rẹ̀, wọn ò sì ń gba àpótí líle, torí pé ihò kékeré lábẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń ki ẹrù sí. Báàgì aláṣọ tó rọ̀, tí kò ní táyà, ni kí ẹ mú. Ká sòótọ́, Ghana-must-go wa á wu awakọ̀ òfurufú yẹn ju àpótí olówó ńlá lọ. Ọ̀pọ̀ lọ́ọ̀jì ń fọ aṣọ, nítorí náà aṣọ ọjọ́ mẹ́ta ti tó. Kò sí òde àríyá níbẹ̀. Ẹ fi gèlè sílé.

Àwọ̀ ilẹ̀ ni kí ẹ wọ̀: kàkí, ewé gbígbẹ, eérú. Dúdú àti búlúù ń fa eṣinṣin tsetse mọ́ra níbi tó bá wà. Aṣọ tó jọ ti sójà, ẹ má tiẹ̀ gbé e. Lọ́wọ́ aráàlú, ó lòdì sófin ní Zimbabwe, Zambia àti Botswana. Òtútù ńkọ́? Ní òwúrọ̀ oṣù kẹfà àti ìkeje, nínú ọkọ̀ tí kò ní gíláàsì, òtútù lè sún mọ́ ti inú fìríìjì. Mo wọ súwẹ́tà kan ṣoṣo lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní Áfíríkà náà kọ́. Abẹ́ kúbùsù ẹlòmíràn ni mo ti wo kìnnìún àkọ́kọ́ tí mo rí. Jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn, fìlà onírun, ìbọ̀wọ́. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ẹ ó ti bọ́ gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Awò olójú méjì ṣe pàtàkì ju kámẹ́rà lọ, èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára ni kí ẹ rà, kí olúkúlùkù ní tirẹ̀. Tọkọtaya tó bá ń pín ọ̀kan lò á jà ní ọjọ́ kejì. Ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò gidi nílò lẹ́ǹsì tó dé 300 tàbí 400 mìlímítà. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń so mọ́ orí, oògùn tó ń lé ẹ̀fọn, tí DEET wà nínú rẹ̀, ìpara oòrùn (bẹ́ẹ̀ ni, àwa náà), ìbọ̀sẹ̀ gígùn nítorí eégbọn bí ẹ bá máa rìn nínú koríko. Púlọ́ọ̀gì wa ò bá ti South Africa mu: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rogodo ni tiwọn, nítorí náà ẹ ra èyí tó máa ń so wọ́n pọ̀. Dúróònù, ẹ fi sílé, wọn ò gbà á nínú ọgbà. Ẹ tún fi kílíṣí àti ẹran dídín sílé. Botswana àti Namibia ń ta màlúù sókè òkun, wọn ò sì ń fi ọ̀rọ̀ àrùn ẹran ṣeré. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń tú ẹrù lójú ọ̀nà, ẹ ó sì dúró máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń dà á nù.

Ìgbésẹ̀ keje: nínú ọkọ̀

Aago márùn-ún àárọ̀ ni wọ́n máa jí yín. Ẹ jáde kí oòrùn tó yọ, ẹ dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ẹ sùn lọ́sàn-án, ẹ tún jáde ní aago mẹ́rin títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lójú kìnnìún, ọkọ̀ àti gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo ni. Bí ẹ bá dìde dúró tàbí tí ẹ na ọwọ́ síta, ẹ ti já ara yín kúrò lára nǹkan yẹn. Ẹ jókòó, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ pa ariwo fóònù. Ẹ má sọ pé kí amọ̀nà sún mọ́ ọn sí i. Bó bá ní ó tó, ó tó. Tí ẹ bá ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ̀yìn ẹni tó gbé ìbọn ni kí ẹ wà, ní ìlà kan, ohun yòówù kó sì ṣẹlẹ̀, ẹ má sáré àyàfi tí ó bá ní kí ẹ sáré. Lálẹ́, ní àgọ́ tí kò ní wáyà tàbí ògiri yí i ká, ẹ má dá jáde nínú yàrá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá mú yín. Erinmi máa ń gun òkè wá jẹ koríko lálẹ́.

Ẹ béèrè nípa nǹkan kéékèèké: ìgbẹ́, igi, òkìtì ọ̀gán. Amọ̀nà tí wọ́n ń bi ní "kìnnìún dà?" láti àárọ̀ dalẹ́ á rẹ̀ wọ̀ọ̀. Bí ẹ bá rí àgbáńréré, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, àmọ́ ẹ pa ohun tó ń fi ibi tí ẹ wà hàn lórí fóònù, kí ẹ má sì dárúkọ ibẹ̀ tí ẹ bá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń pa á nítorí ìwo náà ní fóònù.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ má dá oògùn ibà dúró torí pé ìsinmi ti parí. Ẹ lò ó dé iye ọjọ́ tí dókítà ní. Bí ara yín bá gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì dárúkọ ibi tí ẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ London ni ẹ wà, ẹ sọ ọ́ kí dókítà tó bi yín, torí ọ̀fìnkìn ló máa kọ́kọ́ rò.